Bí Mo Ṣe Yẹ Ọ́ìlì Jíà Ọkọ̀ Mi Wò, Tí Mo sì Pààrọ̀ Rẹ̀ Fúnra Mi

Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà ní Òṣogbo, jíà ọtomátíìkì ló sì ní. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí mẹkáníìkì kan bu ọ́ìlì kún jíà náà, mo ṣàkíyèsí pé bí ara ọkọ̀ bá ti gbóná, pàápàá bí mo bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì a máa ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní fà bó ṣe yẹ. Mo wá rántí pé òwúrọ̀ kùtù ni mẹkáníìkì náà wo géèjì, ìyẹn ọ̀pá tínrín tí a fi ń wọn ọ́ìlì, kété tí mo ṣíná sí ọkọ̀, tó sì ní ọ́ìlì kò tó. Ojú HOT ló ń wò, bẹ́ẹ̀ COOL wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ́ìlì tó tutù.

Ọ́ìlì jíà a máa wú bí ó bá gbóná, nítorí náà, ẹni tó bá fi ojú HOT wọn ọ́ìlì tútù yóò bu àbùjù. Bí ó bá sì pọ̀ jù, àwọn jíà tó ń yí nínú rẹ̀ yóò máa lù ú bí ẹni ń lu ẹ̀wà àkàrà, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú rẹ̀, agbára tó fi ń ti jíà yóò sì dín kù.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wa ọkọ̀ láti Ògo-Olúwa, mo gba Òkè-Fìà dé Ọláìyá, mo sì padà, kí ọ́ìlì lè gbóná dáadáa. Mo gúnlẹ̀ síbi tó tẹ́jú, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo sì tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń gbé ọwọ́ jíà láti P dé L, tí mo sì dá a padà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo fa géèjì yọ, tí mo fi àkísà tí òwú rẹ̀ kì í já nù ún, tí mo tì í bọ̀ títí dé ìdí, tí mo sì tún fà á yọ. Ọ́ìlì ti kọjá ojú HOT dáadáa, ìfófòó sì wà lára rẹ̀.

Aládùúgbò mi kan tó ń wa Honda ké sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn o!” Òótọ́ ni fún ọkọ̀ tirẹ̀, nítorí pé Honda a máa fẹ́ kí a pa ẹ́ńjìnnì kí a tó wò ó, ṣùgbọ́n ti Toyota yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ara géèjì ni wọ́n kọ irú ọ́ìlì tó yẹ sí: T-IV. Mo kọ èyí tí ọlọ́jà pè ní “ọ́ìlì jíà gbogbo ọkọ̀”. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ tutù díẹ̀, mo fi jáàkì gbé e, mo fi ẹsẹ̀ irin tì í, mo sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, nítorí pé èmi kì í gbẹ́kẹ̀lé jáàkì nìkan. Mo tú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, ọ́ìlì tó dà jáde sì dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Mo fi ike oníwọ̀n wọ̀n ọ́n: lítà mẹ́rin. Lítà mẹ́ta péré ló yẹ kó jáde, nítorí náà, ìkan tó lé ni àpọ̀jù náà.

Mo fi wáṣà tuntun dí nọ́ọ̀tù padà, mo fi àrọ ọlọ́rùn tínrín da lítà méjì ààbọ̀ gba ihò géèjì wọlé, mo sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un bí ọkọ̀ ṣe ń gbóná, títí ó fi dúró láàárín àlà HOT méjèèjì. Ọ́ìlì àlòkù kò lọ sínú gọ́tà. Káfíńtà kan gbà á, ó ní òun yóò fi kun igi òrùlé nítorí ikán.

Ọkọ̀ ti ń fà báyìí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú torque converter, ìyẹn apá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú jíà, títú nọ́ọ̀tù kò sì lè dà á jáde, nítorí náà mo ti ra lítà mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdàsílẹ̀ kejì.