Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè nípa jàǹbá ọkọ̀ nínú fọ́ọ̀mù inṣọ́ránsì

Ẹni tó bá ra inṣọ́ránsì ₦15,000, ìyẹn third party, èyí tó ń sanwó ohun tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, ní Kàbà kì í sábà rí ìbéèrè kankan. Orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀, owó, ó parí. Comprehensive, èyí tó máa tún ọkọ̀ tiyín náà ṣe, ló ń mú fọ́ọ̀mù gígùn wá. Ṣé ọkọ̀ yín ti ní jàǹbá rí? Ṣé ilé ẹjọ́ ti dá yín lẹ́bi nítorí ọkọ̀ wíwà? Ṣé ilé iṣẹ́ míì ti kọ̀ yín?

Ẹ má jẹ́ kí éjéǹtì bá yín kọ ọ́. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni éjéǹtì tèmi tẹ́ fọ́ọ̀mù sí, ó ń fa bírò sí "Rárá", "Rárá", "Rárá" kí n tó lanu. Bẹ́ẹ̀, ọdún tó ṣáájú ni mo fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá ọ̀pá iná ní Ìsánlú, tí ilé iṣẹ́ àtijọ́ sì sanwó rẹ̀. Mo ní kó mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó lẹ fẹ́ fi kún owó yìí o." Owó náà lé díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì, ti ní iye comprehensive kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Ta ló fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí jàǹbá dé nítorí "Rárá" tí éjéǹtì kọ, tí òun sì buwọ́ lù?

Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé jọ nílé: láísẹ́ǹsì, rìsíìtì ìtanràn Road Safety, ìwé ọlọ́pàá, inṣọ́ránsì àtijọ́. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́, ẹ wo fọ́tò inú fóònù yín, tàbí álẹ́ẹ̀tì owó tí ẹ san fún panẹ́ẹ̀bítà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀ ka ìbéèrè. Bí wọ́n bá bi yín nípa jàǹbá, tírélà tó ha yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́nà Obajana wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ kóòtù nìkan ni wọ́n béèrè, ₦2,000 ìtanràn bẹ́líìtì tí ẹ san kì í ṣe ẹjọ́ kóòtù. Bí ó bá jẹ́ ìtanràn ni wọ́n béèrè, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ ṣókí. Tèmi rèé: "Oṣù kẹta 2024, Ìsánlú. Mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mo gbá ọ̀pá iná. Bọ́ńpà bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Inṣọ́ránsì sanwó rẹ̀." Bí àyè kò bá tó, ẹ fi ìwé mìíràn kún un.

Ẹ bi dẹ́rẹ́bà yín, àti ọmọ tó ń gbé ọkọ̀ nígbà ọlidé, nípa tiwọn. Ibi tí àwọn ará tiwa ti máa ń kọsẹ̀ jù rèé: ẹni tó ń fi ọkọ̀ ilé ṣe kábúkábú lọ sí Lọ́kọ́jà, ì báà jẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ nìkan, á ní òun kì í gbé èrò. Ẹ sọ ọ́.

Ẹ buwọ́ lù ú fúnra yín, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé, ẹ fi ránṣẹ́ sí éjéǹtì lórí WhatsApp kí ọjọ́ hàn. Tí sàtífíkéètì bá dé, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó lórí askNIID, ìkànnì tí a ti ń yẹ inṣọ́ránsì ọkọ̀ wò, torí ayédèrú wà nígboro. Bí jàǹbá tuntun bá ṣẹlẹ̀ kí ọdún tó yí, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó san owó ọdún tó ń bọ̀.