Bí Ẹ Ṣe Lè Wọn Omi Tí Oòrùn Ń Gbà Lọ́wọ́ Oko Àkùrọ̀ Yín

Gbogbo òjò tó ń rọ̀ sí agbègbè odò Oyi àti Kampe kọ́ ló ń dé odò Ọya. Èyí tó pọ̀ jù ń padà sókè: oòrùn ń fà á láti ojú ilẹ̀ àti ojú omi, gbòǹgbò sì ń mu ún kí ewé tó mí i jáde. Bí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sá aṣọ lásìkò ọyẹ́ mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan ní igi etí odò ló ń mu omi gbẹ, wọ́n sì ń gé e. Lóòótọ́, igi ń mu omi. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ṣán, tí a sì ń jó lọ́dọọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ á le. Òjò tó yẹ kó rì á ṣàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìsun omi á sì dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi igi yẹn sílẹ̀.

Omi tí ewé ata tàbí tẹ̀tẹ̀ mu kò ṣòfò. Èyí tí ilẹ̀ ìhòòhò ń pàdánù ni ká dín kù, àmọ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Ẹ gé ìdí dúrọ́ọ̀mù onírin ní cm 25, kì í ṣe èyí tí wọ́n rọ kẹ́míkà sí. Ẹ gbé e sórí pákó níbi tí òjìji igi kò dé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ewúrẹ́ àti ẹyẹ. Ẹ bu omi sí i kó ku cm 5 kó kún. Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, ẹ fi rúlà wo iye tó fi relẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 0.7, nítorí irin máa ń gbóná, omi inú rẹ̀ sì ń tètè gbẹ ju ti oko lọ. Bí òjò bá rọ̀, ẹ má ka ọjọ́ yẹn.

Bí ó bá fi mm 7 relẹ̀, ó di nǹkan bíi mm 5. Mm 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà 1. Nítorí náà, ebè ẹ̀fọ́ tó jẹ́ mítà 1 níbùú àti mítà 10 lóròó, tí ewé ti bò dáadáa, ń fẹ́ lítà 50 lóòjọ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. Ti ọmọ ẹ̀fọ́ kéré sí i.

Ẹ bomi rin ín ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ tí kò ní èso bo ilẹ̀, kó nípọn tó cm 5 sí 10. Bí ẹ bá bo ilẹ̀ gbígbẹ, koríko náà ni yóò mu omi tí ẹ bá bù sí i. Kó má kan ìdí ọ̀gbìn o, kó má baà jẹrà. Bí ikán bá sì ti wọ̀ ọ́, ẹ kó o kúrò.