Bátìrì kan kún, èkejì ò kún: bí mo ṣe tún sólà ilé kan ṣe ní Àgbádárìgì

Kò sí wáyà NEPA ní ilé náà. Bátìrì túbúlà 12V méjì, 220Ah ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so tẹ̀léra di 24V, ló ń gbé gbogbo iná. Ìnfátà ń ké lóru, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ń sọ pé iná ṣì tó ìdajì.

Mi ò fi ti ojú ìnfátà ṣe. Mo pa á láago mẹ́rin òru, mo gé bíréékà páànẹ́lì, bátìrì sinmi títí di aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo fi mítà sórí méjèèjì pọ̀: 24.5V. Mo wá wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: 12.4V, 12.1V. Bátìrì tí wọ́n jọ rà lọ́jọ́ kan náà kò yẹ kó yàtọ̀ síra báyẹn.

Ó di ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti haidirómítà, èyí tí àwọn tó ń ṣájì bátìrì fi ń fa ásíìdì wò. Nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ bí ásíìdì ṣe wúwo tó sí omi lásán; bí iná bá ṣe ń tán nínú bátìrì ló ń lọ sílẹ̀. Bátìrì yìí, tó bá kún, 1.240 ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1.225 nínú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n ń rọ omi sí. Ti èkejì, ihò márùn-ún 1.180, ìkẹfà 1.120, omi rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pléètì sílẹ̀. Omi tó lọ sílẹ̀ máa ń mú ásíìdì le sí i ni o. Tó bá tún wá ka 1.120, ebi ń pa á gan-an.

Wáyà tín-ín-rín kan ló fà á. Wọ́n so gílóòbù 12V àti ibi tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù mọ́ bátìrì kejì nìkan. Tó bá di alẹ́, òun nìkan ló ń gbé e. Tí oòrùn bá yọ, iná kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá, èkíní á ti kún, èyí ò ní kún láéláé. Mo yọ wáyà náà, mo fi kọ̀nfátà 24V sí 12V tó ń mu iná lára méjèèjì rọ́pò rẹ̀.

Mo fi téèpù wé sípánà, mo tú nẹ́gẹ́tífù kọ́kọ́. Orí bátìrì ti hu nǹkan funfun bí iyọ̀. Ṣíbí baking soda kan sínú ife omi kan, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, ló kó o kúrò. Ọmọrí ihò gbọ́dọ̀ wà ní dídé, torí tí omi sódà yìí bá kán sínú, ó ń pa ásíìdì. Vaseline dìgbà tí mo bá dè é tán.

Mo bu omi bátìrì (dístílì wọ́tà) díẹ̀ bo pléètì, mo gbé bátìrì kejì sórí ṣájà 20A pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, títí ó fi dúró sí 14.4V. Ìgbà yẹn ni mo tó rọ omi dójú ìlà, torí omi máa ń wú tó bá ń gba iná. Ó mu lítà méjì. Àkọ́kọ́ ò mu tó ààbọ̀ lítà. Ẹnì kan ní kí n fi ásíìdì sí i kó lè jí. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Píọ́ wọ́tà ò sì wọ̀ ọ́.

Mo so wọ́n padà, nẹ́gẹ́tífù kẹ́yìn, mo fún wọn ní 30V fún wákàtí mẹ́ta, kí ihò tó rẹ̀yìn lè bá àwọn yòókù. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sí iná sìgá nítòsí, torí gáàsì tó ń jáde lè bú.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ihò ka 1.235, àfi ìkẹfà yẹn: 1.215. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti dé 1.230.