Bí mo ṣe rẹ ẹran ìhà ẹlẹ́dẹ̀, tí mo sì sun ún bíi ti Sài Gòn

Kílò kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni mo lò, ègé méje tó ní eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sườn cốt lết ni wọ́n ń pe irú ègé yìí ní Vietnam, orílẹ̀-èdè tí ìlú Sài Gòn wà. "Côtelette" àwọn Faransé ni wọ́n sọ di cốt lết. Ẹ ní kí alápatà gé e ní sẹ̀ǹtímítà kan, bó bá pọ̀ jù, kan àbọ̀. Èyí tí wọ́n ń tò sínú abọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì níbí ní Houston sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kò sì bá iṣẹ́ yìí mu. Ṣúgà wà nínú èròjà: kí iná tó dé àárín ẹran tó nípọn, ara rẹ̀ á ti di èédú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iyọ̀ ló ń wọnú ẹran. Òórùn koríko ọba àti aáyù kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ojú ẹran, nítorí náà bí ègé bá ṣe fẹ́lẹ́ tó ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n lẹ́nu tó.

Mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu ègé kọ̀ọ̀kan lójú méjèèjì, lílù jẹ́jẹ́ tí kò ní fà á ya. Mo wá la ọ̀rá tó wà létí rẹ̀ ní ibi mẹ́ta mẹ́ta, títí ọ̀bẹ fi kan ẹran pupa. Ẹni tó bá fo èyí á rí i pé ọ̀rá máa súnkì lórí iná, ẹran á ká sókè bí àwo kòtò, àárín rẹ̀ kò sì ní fara kan irin mọ́. Mo fi tíṣù nù ún gbẹ, torí omi ara ẹran máa ń ṣan èròjà dànù.

Èròjà tí mo fi rẹ ẹ́ nìyí: koríko ọba ìdí mẹ́ta, àlùbọ́sà kéékèèké mẹ́ta, ọmọ aáyù márùn-ún, nước mắm (omi ẹja oníyọ̀) ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí kan fún àwọ̀, òróró ṣíbí méjì, àti ata dúdú lílọ̀ ṣíbí tíì kan. Mo bu oyin ṣíbí kan sọ́tọ̀. Kò tíì bá wọn wọlé.

Koríko ọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì lò. Ewé rẹ̀ tí à ń sè fún ibà nílé, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, kò wúlò níbí. Ó le bí okùn. Bí ẹ gún un títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rọ̀. Ìdí rẹ̀ funfun ni mo lò, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá láti ibi gbòǹgbò sókè. Mo bó awẹ́ méjì tó wà lóde dànù, mo rẹ́ ìyókù wẹ́wẹ́ gan-an, mo sì gún un nínú odó kékeré pẹ̀lú ṣúgà. Ṣúgà ń bá ọmọ odó ṣiṣẹ́: ó ń ha á, ó sì ń fa omi rẹ̀ jáde. Ìgbà tó rí bíi gààrí tí a wọ́n omi sí ni mo tó da aáyù àti àlùbọ́sà lé e. Blẹ́ńdà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń fi fọ́nrán gígùn sílẹ̀, fọ́nrán wọ̀nyí ló sì ń kọ́kọ́ jóná. Ẹni tó bá ní koríko ọba lẹ́yìnkùlé kò nílò ti ọjà àwọn ará Éṣíà. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kó dàgbà títí ìdí rẹ̀ á fi nípọn tó ìka, kí ẹ sì fà á tìdí-tìdí, kì í ṣe kí ẹ já ewé lórí.

Nước mắm ni omi tó ń jáde lára ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́. Ní erékùṣù Phú Quốc, ìwọ̀n ẹja mẹ́ta sí iyọ̀ kan ni wọ́n ń kó sínú àgbá onígi ńlá, á sì wà níbẹ̀ fún bí ọdún kan. Òórùn rẹ̀ kò lè lé ẹni tó mọ irú sẹ́yìn; iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe nínú oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú kò lè rọ́pò rẹ̀ níbí, torí iyọ̀ inú omi yìí gan-an ló ń rẹ ẹran. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó rà á: ẹja àti iyọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Nọ́ńbà tí °N tẹ̀ lé, bíi 30 tàbí 40, ń sọ iye gíráàmù náítírójìn tó wà nínú lítà kan. Bó bá ṣe ga tó ni adùn ẹja rẹ̀ ṣe ki tó. Ṣíbí mẹ́ta rẹ̀ ní tó gíráàmù 11 iyọ̀, sóyà tún mú tirẹ̀ wá, ìyẹn sì tó fún kílò kan. N kò fi iyọ̀ kún un, n kò sì fi mágí sí i.

Ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ dé inú èròjà yìí. Kíkan rẹ̀ á ti pa ojú ẹran dà kó tó rí iná, ẹran á sì gbẹ bí ẹfun lẹ́nu. Ìbẹ̀pẹ dúdú àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó burú jù ú lọ fún ẹran tí a fẹ́ fi sílẹ̀ pẹ́: wọn á jẹ ẹran títí á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Wákàtí mẹ́rin ló kéré jù. Mẹ́jọ ni mo fi sílẹ̀, nínú fíríìjì, nínú náílọ́ọ̀nù tí mo ti tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo sì yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kọjá ọjọ́ kan, iyọ̀ á mú kí ẹran ki kó sì le bíi háàmù.

Iná ló kù. Mo dáná èédú, mo sì dúró títí eérú funfun fi bò ó, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí iná ń ràn lọ́wọ́, mo gbé ẹran jáde nínú fíríìjì, mo sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ha èérún koríko ọba kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fi omi ṣàn án o; híha ni.

Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò dára. Mo tẹ́ èédú káàkiri abẹ́ irin, mo sì ti fi oyin pa ẹran lára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá kán sórí ògúnná, iná sọ lala, kí ìṣẹ́jú méjì sì tó pé, ojú ìsàlẹ̀ ti dúdú, ó ń korò. Tẹmómítà tí mo kì bọ àárín rẹ̀ kò tíì dé 50°C. Fún mẹ́ta tó kù, mo wọ́ gbogbo èédú sí apá kan, mo fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo kí n ní ibi tí mo lè sáré gbé ẹran sí bí iná bá sọ. Mo ń yí i ní ìṣẹ́jú kan kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré; ṣúgà kì í jóná bí a kò bá jẹ́ kó pẹ́ lójú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló gbà. Ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn nìkan ni mo fi oyin tí mo là pẹ̀lú omi díẹ̀ pa á. Èròjà tí ẹran tútù ti wà nínú rẹ̀ kò yẹ ní fífi pa á lára lẹ́yìn tó ti jinná, àfi bí a bá kọ́kọ́ sè é kó hó dáadáa.

Ní Amẹ́ríkà, 63°C ni ìlànà ìjọba, kí ẹran sì sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó gé e. Nílé, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ kan ti ń jẹ̀ káàkiri, tí wọ́n sì lè kó ẹyin aràn, èmi á gbé e dé 71°C. Ègé tó fẹ́lẹ́ tí èròjà ti wọ̀ lára kò ní gbẹ nítorí ìyẹn.

Ẹni tí kò lè dáná èédú lè lo iná òkè ófùnù, kó gbé ẹran lé irin, kó sì gbé páànù olómi díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rá tó ń kán má baà rú èéfín. Ó ń jinná dáadáa. Òórùn èéfín èédú nìkan ni kò ní sí, èmi sì gbà pé ìyẹn ni ìdajì adùn rẹ̀.

Àlùbọ́sà eléwé ni mo fi ṣe mỡ hành tí à ń dà lé e lórí. Mo rẹ́ mẹ́rin sínú abọ́ pẹ̀lú iyọ̀ ṣínńṣín, mo sì da òróró gbígbóná ṣíbí mẹ́rin lé e. Ó gbọ́dọ̀ dún ṣàà. Bí ẹ bá gbé e lé iná, àwọ̀ ewé rẹ̀ á lọ.

Ọbẹ̀ tí a ó máa kì í bọ̀ rọrùn, bí ẹ bá tẹ̀ lé ètò rẹ̀: ṣúgà ṣíbí mẹ́ta, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣíbí mẹ́sàn-án yọ́ ọ tán, nước mắm ṣíbí mẹ́ta, omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí mẹ́ta. Aáyù àti ata tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ ló ń kẹ́yìn, kí wọ́n lè léfòó. Ìdajì ata rodo kan tó.

Cơm tấm, èérún ìrẹsì, ni wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́ ní Sài Gòn. Ìrẹsì tó fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ni, oúnjẹ tálákà tẹ́lẹ̀, tí ó ti di oúnjẹ àárọ̀ gbogbo ìlú báyìí. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ife omi kan sí ife ìrẹsì kan, iná kékeré, ìdérí pa. Ó ń yára jinná ju ìrẹsì odidi lọ, ó sì máa ń di gbàgìdì bí omi bá pọ̀.

Ẹran tó bá ṣẹ́kù lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì. Páànù tó ní ìdérí àti omi ṣíbí kan ni mo fi ń gbé e gbóná, torí iná gbígbẹ máa ń tún oyin ara rẹ̀ jó.