Ásíìdì ojú: bí a ṣe ń lò ó pẹ̀lú àwọn ìpara mìíràn láì jẹ́ kí awọ jóná

Ìgò kékeré tí wọ́n kọ glycolic, lactic tàbí salicylic acid sí lára ti wọ ilé púpọ̀, láti Kàbà dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Kì í ṣe ásíìdì bátìrì, kì í sì í ṣe ìpara ìbóra. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú ohun tó lẹ awọ tó ti kú mọ́ ojú, kí ó lè ṣí kúrò fún tuntun. Ó dára fún irorẹ́, fún ojú tó rí pákápàká, àti fún àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀.

Ohun tó ń ba ojú jẹ́ kì í sábà jẹ́ ásíìdì yìí nìkan. Ohun tí a tò lé e lórí ní alẹ́ kan náà ni: retinol (èròjà ìpara tó jẹ́ irú vitamin A kan), ọṣẹ “toning”, kànrìnkàn, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí awọ dúdú bá sì jóná, kì í kàn pọ́n kó sì lọ. Ibi tó jóná á dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó pòórá.

Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó rà á. Bí irorẹ́ àti ojú tó ń yọ òróró bá ni ìṣòro yín, salicylic acid 2% ló yẹ, torí ó máa ń wọ inú òróró tó dí ihò awọ. Bó bá jẹ́ àpá dúdú tàbí awọ gbígbẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lactic acid 5% tàbí mandelic acid. Wọn kì í ta ni tó glycolic. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ Cosmetic Ingredient Review fi ààlà sí glycolic àti lactic tí ènìyàn ń lò fúnra rẹ̀ nílé: kó má ju 10% lọ, kí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe rẹlẹ̀ sí ni ó ṣe ń kan sí) má sì rẹlẹ̀ ju 3.5. Ìgò 30% tí wọ́n ń tà bí “peel” kì í ṣe ohun à-ń-lò nílé. Ẹ yẹ ọṣẹ àti ìpara tí ẹ ti ń lò wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní ásíìdì nínú láì jẹ́ pé ẹ mọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú.

Ẹ kọ́kọ́ kán ẹyọ kan sí ẹ̀yìn etí, ní alẹ́ mẹ́ta. Bí kò bá yún yín, tí kò sì wú, ó lè dé ojú.

Alẹ́ ásíìdì

Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ ojú, kì í ṣe ọṣẹ dúdú. A ò bu ẹnu àtẹ́ lu ọṣẹ dúdú o, àmọ́ eérú ni wọ́n fi ń ṣe é. pH rẹ̀ máa ń tó 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti awọ wà ní àyíká 5. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti há, ásíìdì yóò ta á gan-an. Ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí kànrìnkàn sinmi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ fi táwẹ̀lì tẹ ojú títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú tútù máa ń fa ásíìdì wọlé kíákíá ju bó ti yẹ lọ. Ẹ kán ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú, kí ẹ yẹra fún ìpéǹpéjú, ẹ̀gbẹ́ imú àti igun ẹnu. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bó. Bó bá ta yín fún ìṣẹ́jú kan, kò burú. Bó bá ń jó yín kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án kúrò.

Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ìpara tó ní glycerin tàbí ceramide, èròjà tó ń jẹ́ kí awọ di omi rẹ̀ mú, lé e. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè fi òrí díẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òrí kì í fún awọ ní omi, ńṣe ló ń dá omi tó wà níbẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí ìpara fi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí irorẹ́ ń yọ lẹ́nu lè fi òrí sílẹ̀.

Èwo ló bá a rìn, èwo ni kò bá a rìn

Niacinamide (irú vitamin B kan) àti hyaluronic acid (èròjà tó ń fa omi mọ́ awọ, kì í bó awọ bí àwọn ásíìdì yìí) kò ní wàhálà, wọ́n lè jọ wà lójú lálẹ́ kan náà. Vitamin C tí wọ́n kọ ascorbic acid sí lára jẹ́ ásíìdì fúnra rẹ̀, nítorí náà òwúrọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tútù. Ooru Lọ́kọ́ja kò dára fún un, bó bá sì ti pọ́n bí omi tíì, agbára rẹ̀ ti ń lọ. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lo benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́, pẹ̀lú, 2.5% sì tó. Ẹ ṣọ́ra, ó máa ń ṣá àwọ̀ aṣọ àti táwẹ̀lì.

Retinol ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Òun náà ń lé awọ àtijọ́ lọ kíákíá, bó bá sì bá ásíìdì pàdé lálẹ́ kan náà, awọ kò ní rí àyè sinmi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ásíìdì nìkan ni kí ẹ lò, lálẹ́ Ajé àti lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí ojú bá gbà á, ẹ fi retinol kún un lálẹ́ Àbámẹ́ta, kó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ fún gbogbo ojú. Àwọn alẹ́ yòókù, ìpara lásán. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín ásíìdì kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lo retinol rárá, kí ó sì bi nọ́ọ̀sì léèrè kó tó lo salicylic.

Ẹni tó bá fá irùngbọ̀n lónìí, kó di ọ̀la tàbí ọ̀túnla kó tó fi ásíìdì kan ibẹ̀.

Ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń bù sínú ike lọ́jà, tí kò ní orúkọ èròjà lára, kò gbọ́dọ̀ bá ásíìdì pàdé. Hydroquinone (oògùn tó ń bó àwọ̀ ara), clobetasol (oògùn steroid tó le) tàbí mẹ́kúrì lè wà nínú rẹ̀. Clobetasol máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ásíìdì yóò sì wọ awọ bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè díwọ̀n. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ńkọ́? Kì í ṣe ohun ojú. Bí oòrùn bá bá omi rẹ̀ lára awọ, ó lè lé ròrò, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Glycolic, lactic àti mandelic máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn tó ń ṣe é nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé kí ẹni tó ń lò ó dín wíwà nínú oòrùn kù, títí di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó bá ti dáwọ́ dúró. Ẹ ra sunscreen (ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn) tó ní SPF, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára rẹ̀, 30 ó kéré tán. Ẹ na ìka ìfábẹ̀là àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fún un láti ìsàlẹ̀ ìka méjèèjì dé orí. Ìyẹn ló tó ojú àti ọrùn. Ẹni tó ń lọ sóko tàbí tó ń gun ọ̀kadà yóò tún un fi lẹ́yìn wákàtí méjì, yóò sì dé fìlà tó ní etí gbòòrò bó bá lè rí i.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Iwájú orí tó ń dán gbinrin bí abọ́ tí wọ́n fi epo nù, tó sì há, tí omi lásán ń ta nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹwà. Ògiri awọ ti ya nìyẹn. Ẹ dá ásíìdì, retinol àti vitamin C dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ọṣẹ tí kò le, ìpara àti sunscreen nìkan ni kí ẹ máa lò. Ẹ má bó èyí tó ń ṣí kúrò. Bó bá lé ròrò tàbí tó ń yọ omi, ilé ìwòsàn ló kàn. Nígbà tí omi bá ti dẹ́kun títa ojú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ lè padà sí ásíìdì náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láì fi nǹkan mìíràn kún un.