Bí A Ṣe Lè Fi Táǹkì Wo Ipa Ẹ̀dá Aláìfojúrí Lórí Èérún Tí Òkun Ń Ta sí Afẹ́fẹ́

Bí ìgbì òkun bá wó, ó máa ń ki afẹ́fẹ́ bọ inú omi, afẹ́fẹ́ náà á sì gòkè padà ní ìfófó, yóò bẹ́ lójú omi. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí ìfófó náà ló ń fọ́ sí èérún tó kéré jù lọ. Iyọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń gbé lọ, nítorí pé ọ̀rá, ṣúgà àti pùròtéènì tí ewéko aláìfojúrí àti bakitéríà tú sílẹ̀ máa ń kó jọ sójú omi, ibẹ̀ sì ni awọ ìfófó ti ń bù wọ́n.

Ẹ bu omi òkun tútù sínú táǹkì tó ní ìdérí, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ nìkan máa wọ òkè omi náà. Kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ẹ̀rọ tó ń ka èérún gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Bí ó bá ń rí i, afẹ́fẹ́ yàrá ló ń jò wọlé. Omi tó ń já bọ́ láti òkè ni mo fara mọ́ fún dídá ìfófó, nítorí pé ìfófó rẹ̀ jọ ti ìgbì ju ti òkúta tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà lọ. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀ǹpù lè fọ́ ara ewéko wọ̀nyí, nítorí náà, ẹ má ṣe tàn án títí nígbà tí wọ́n ń dàgbà.

Ẹ fún ewéko náà ní ìmọ́lẹ̀ àti àjílẹ̀ tó ní náítíréètì àti fọ́síféètì, pẹ̀lú sílíkéètì fún àwọn tó ní èèpo bíi gíláàsì. Ẹ máa gba èérún sórí asẹ́ lójoojúmọ́, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró nígbà tí àwọ̀ ewé omi náà bá ń parẹ́. Ìgbà náà gan-an ni fáírọ́ọ̀sì àti bakitéríà ń tú ara ewéko palẹ̀, tí ohun tó wà nínú èérún sì lè yí padà jù lọ. Nínú ọ̀nà ìgbì, ìyẹn táǹkì gígùn tí a ti ń dá ìgbì, tó gùn ní mítà 33 ní ilé ìwádìí Scripps, ní ìpínlẹ̀ California, ewéko hù lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ṣùgbọ́n èérún wọn yàtọ̀ síra gan-an, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 ti fi hàn.

Láti mọ̀ bóyá èérún náà lè mú omi inú ìkùùkuu di yìnyín, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ kúrò lórí asẹ́, ẹ kán omi náà sórí àwo tútù, ẹ máa dín ooru àwo náà kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n òtútù tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan fi dì sílẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún asẹ́ tí a kò lò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé apá kan omi náà kaná dé 95°C, kí ẹ tún un dán wò: bí ó bá wá ń fẹ́ òtútù tó le jù ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó dì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pùròtéènì ẹ̀dá alààyè ló ń mú un dì, nítorí pé ooru máa ń ba pùròtéènì jẹ́.