Ó Wọ Socket, Ṣùgbọ́n Kò Tàn: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Pààrọ̀ Processor Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wá sí ìsọ̀ mi ní Ìkẹjà, pẹ̀lú motherboard kejì (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ń jókòó lé) nínú páálí àti power pack tuntun tí kò tíì tú lọ́rá. Ó ti yọ processor Core i3-2100, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti fi Core i7-3770 rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n screen dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti sọ fún un pé motherboard ti kú. Mo gba i3 rẹ̀, mo dá a padà sí àyè rẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí mo tẹ bọ́tìnnì tí kọ̀ǹpútà náà fi tàn. Kò sí ohun tí ó kú níbẹ̀ bí kò ṣe owó ọmọ ọlọ́mọ.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. N kò kọ ọ́ fún ẹni tí kò ṣí àpótí kọ̀ǹpútà rí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń yọ heatsink, irin tí ó ń fa ooru kúrò lára processor, tí ẹ sì rò pé ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́, ni mo ń bá wí. Processor ni mo sì ń sọ, kì í ṣe odindi àpótí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní CPU.

Àṣìṣe kìíní ni gbígbàgbọ́ pé ohun tí ó bá ti wọ socket, àyè tí processor ń jókòó sí lórí motherboard, yóò ṣiṣẹ́. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù. Ẹnu ọ̀nà lásán ni socket jẹ́, ẹni tí ó bá sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé kò tíì di ọmọ ilé. Chipset tí ó wà lórí motherboard, èyí tí ó ń so processor pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù, àti BIOS, ètò tí a kọ sínú motherboard láti máa jí kọ̀ǹpútà, ni onílé. Àwọn ni yóò sọ bóyá àwọn mọ àlejò náà. Intel gbé processor ìran kejì, èyí tí a ń pè ní Sandy Bridge, jáde ní 2011; ìran kẹta, Ivy Bridge, sì tẹ̀ lé e ní 2012. LGA 1155 ni socket àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí i7-3770 fi jókòó wẹ́rẹ́ sí ibi tí i3-2100 ti dìde. Ṣùgbọ́n motherboard tí chipset rẹ̀ jẹ́ H61, H67, P67 tàbí Z68 ń béèrè BIOS tí ó mọ ìran kẹta kí ó tó lè gbà á, bí ẹni tí ó ṣe motherboard náà bá gbé irú BIOS bẹ́ẹ̀ jáde. Ní ti Q65, Q67 àti B65, Intel kò fi ìran kẹta sí ètò wọn rárá. Ó wá jẹ́ pé àwọn chipset onílẹ́tà Q wọ̀nyí gan-an ni ó pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ó ń ti òkè òkun wá kún ìsọ̀ wa. Dell OptiPlex 790 àti 990 àti HP Compaq 8200 Elite, ìran kejì ni òpin wọn. Ẹni tí ó bá ní OptiPlex 7010 tàbí Compaq Elite 8300, tí ó ń lo Q77, ni ó lè ra i7-3770 kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Q65 ni ti ọmọkùnrin ọjọ́ Ẹtì yẹn. i7-2600 ni ì bá rà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò sì tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ra motherboard míràn.

Kí ẹ má baà rò pé inú ìyá mi ni mo ti gbọ́n wá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo ra Core 2 Quad Q9550 fún motherboard kan tí chipset rẹ̀ jẹ́ 945. LGA 775 ni socket náà, irú èyí tí ó ti wà láti 2004 nígbà ayé Pentium 4, èmi náà sì rò pé 775 ni 775. FSB 1333 ni Q9550 ń fẹ́, ìyẹn ìyára ọ̀nà tí processor fi ń bá chipset sọ̀rọ̀. 945 kò sì kọjá 1066. Mo pààrọ̀ RAM, mo pààrọ̀ power pack, mo tilẹ̀ fi ẹ̀sùn kan wáyà iná ara ògiri. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá mi yà kí mi, wọ́n ka ohun tí a kọ sára motherboard, wọ́n sì bi mí bóyá ojú ń dùn mí ni.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mọ orúkọ motherboard yín, yálà kí ẹ kà á lára rẹ̀ tàbí kí ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ CPU-Z wò ó, kí ẹ sì wá àkójọ àwọn processor tí ẹni tí ó ṣe é fọwọ́ sí. Àkójọ náà sábà máa ń sọ nọ́ńbà BIOS tí processor kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Ẹni tí ó ń tajà kò ní kà á fún yín. “Á wọ̀ ọ́” ni òun yóò sọ, kò sì parọ́, ó wọ̀ ọ́ lóòótọ́.

Àṣìṣe kejì ni yíyọ processor àtijọ́ kí ẹ tó fi BIOS tuntun sí i. Motherboard tí kò bá mọ processor kò ní tàn, èyí tí kò bá sì tàn kò lè gba BIOS, àfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣe ọ̀nà USB pàtàkì sí fún un. Ẹ jẹ́ kí èyí àtijọ́ wà níbẹ̀ títí BIOS yóò fi wọlé tán, kí ẹ pa á, kí ẹ tó pààrọ̀. Ẹ má sì ṣe é lórí iná NEPA lásán, nítorí bí iná bá lọ láàárín, motherboard náà lè kú lóòótọ́. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ti ta processor àtijọ́ kí tuntun tó tàn, ta ni ó ń lé yín?

Àṣìṣe kẹta ni gbígbàgbé wáyà oníhò 4 tàbí 8 tí ó ń gbé 12V lọ sí ẹ̀gbẹ́ processor. Èmi náà ṣì ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ má fi ìka kan inú socket. Nínú irú socket LGA, ara motherboard ni àwọn pin wà, wọ́n sì tín-ín-rín bí irun. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má tàn, tàbí kí ó tàn ṣùgbọ́n kí ihò RAM kan má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tí kò bá tò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ara hàn. Mo ti fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe yọrí lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti fi bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bákan náà, processor Xeon E3-1230 àti i5-3350P kò ní graphics, ohun tí ń gbé àwòrán sí screen, nínú. Bí kò bá sí káàdì graphics lórí motherboard, kọ̀ǹpútà lè ti tàn, kí ó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ kò rí i. Bí ó bá sì ń tàn tí ó tún ń kú, ẹ wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin heatsink bóyá wọ́n wọlé, kí ẹ nu paste àtijọ́ tí ó wà láàárín processor àti heatsink kúrò kí ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì rántí pé 65W ni i3-2100, nígbà tí i7-2600 jẹ́ 95W, ooru rẹ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wá dúdú, processor àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí ó bá tàn, ẹ padà sídìí chipset àti BIOS. Bí kò bá tàn mọ́, ohun tí ọwọ́ yín bà jẹ́ tàbí tí ó gbàgbé ni kí ẹ máa wá: pin, wáyà, RAM tí kò jókòó dáadáa. Bí àkójọ bá fọwọ́ sí processor tuntun tí kò sì tàn síbẹ̀, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ yọ bátìrì CR2032, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ sì fi RAM kan ṣoṣo tàn án. Lẹ́yìn èyí, ó lè fúnra rẹ̀ tàn, kí ó kú, kí ó tún tàn. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Oníbàárà mi kan fa wáyà yọ nígbà márùn-ún nítorí pé ó rò pé ó ti tún kú. Ní ìgbà kẹfà, ìpè fóònù gbé e jáde síta. Nígbà tí ó padà dé, kọ̀ǹpútà náà ti ń béèrè ọjọ́ àti aago lọ́wọ́ rẹ̀.